Bẹ́ ẹ ṣe lè fi Excel ṣírò gáàsì epo tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ yàrá

Ibi okùn kànga ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ṣàwàdà o. Kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tó máa wá fọ́múlà kiri, ẹ lọ sílé tẹ́ ẹ fẹ́ ṣírò, ẹ kí màmá tó ni kànga dáadáa, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́ mà, okùn yìí, ibo ló máa ń tó lẹ́ẹ̀rùn, ibo ló máa ń tó tójò bá ti ń rọ̀ gidi, wọ́n á fi hàn yín lójú ẹsẹ̀, àwọn míì tiẹ̀ ti ta kókó sí i lára, ẹ fi tépù wọn ibi kókó kọ̀ọ̀kan. Bí omi ṣe jìn sí nìyẹn, òun la máa pè ní L, òun sì ni nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń fojú dá látorí àga ọ́fíìsì.

Ohun tá a fẹ́ ṣírò rèé. Táńkì ilé-epo ń jò lábẹ́lẹ̀, àbí páìpù epo tó gba àdúgbò kọjá bẹ́, epo á máa rìn sọ̀kalẹ̀ títí á fi kan omi abẹ́ ilẹ̀, á léfòó lórí ẹ̀, díẹ̀ á sì yòrò mọ́ omi. Benzene wà nínú epo yẹn, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, benzene ò sì mọ ìjókòó jẹ́ẹ́ nínú omi, á di gáàsì, á máa gba àlàfo àárín yanrìn gòkè, tó bá dé abẹ́ ilé tó rí ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán, ó ti wọ yàrá nìyẹn. Àwọn ará Baruwa ní Ìpájà l'Ékòó mọ ohun tí mò ń wí, ọdún gbọọrọ ni òórùn epo fi ń jáde lára omi kànga wọn. Ní ilẹ̀ Ogoni lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, gbé ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2011, wọ́n ní benzene tó wà nínú kànga àwọn ará Nisisioken Ogale ju ohun tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fàyè gbà lọ ní ìlọ́po 900, epo tó nípọn tó 8 cm sì ń léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Omi yẹn ni gbogbo ayé pariwo lé lórí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kúrò nínú omi tó ń gòkè lóru, ìwọ̀nba èèyàn ló ń kà á. Nọ́ńbà omi Ogale ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ nísàlẹ̀ torí ó wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti yàrá tí màá lò, èmi ni mo gbé wọn kalẹ̀ fún ìṣirò o, kí ẹnikẹ́ni má gbé èsì ẹ̀ lọ sí Ogale.

Ẹ kọ́kọ́ wá iye gáàsì tó wà níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. WHO fàyè gba 10 µg benzene (µg kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gírámù) nínú lítà omi mímu kan, ìlọ́po 900 ẹ̀ jẹ́ 9,000. Ẹ rántí ìgò tí wọ́n ti bu epo sí rí tí wọ́n wá fi omi ṣàn, bẹ́ ẹ bá ṣí i, òórùn ló máa ń kọ́kọ́ kọ lù yín, gáàsì tó wà lókè omi nínú ìgò yẹn ní ìwọ̀n tó fi máa ń bá inú omi dọ́gba, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Henry ló ni òfin yẹn, fún benzene ìwọ̀n náà jẹ́ bíi 0.23 tí ooru bá wà ní 25°C. 9,000 × 0.23 jẹ́ 2,070 µg nínú lítà kan, ìyẹn bíi gírámù 2 nínú mítà oníhà mẹ́ta (m³) kan. Tó bá jẹ́ pé epo gan-an ló ń léfòó, ẹ fi Henry sílẹ̀. Agbára tí benzene fi ń fẹ́ kúrò nínú epo ni kẹ́ ẹ lò, 12.7 kPa ni tó bá dá wà, tí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo náà bá jẹ́ benzene ẹ ó rí bíi gírámù 4. Ẹ ò rí i pé kò jìnnà síra púpọ̀, torí náà ẹ má fi ọ̀sẹ̀ méjì jà lórí apá yìí.

Ọ̀rọ̀ wà níbi bí gáàsì ṣe ń rìn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Fick, ti sọ ọ́ láti 1855: ibi tí nǹkan pọ̀ sí ló ti máa ń lọ sí ibi tí kò pọ̀ sí, bí ìyàtọ̀ bá ṣe pọ̀ tó láàárín ibi méjèèjì ló ṣe máa ń yá tó. Nínú afẹ́fẹ́ gbalasa, nọ́ńbà tó ń sọ bí benzene ṣe ń yá tó láti tàn ká jẹ́ 0.088 cm² ní sẹ́kọ́ńdì kan. Nínú omi, 0.00001. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, ó tó bí ìlọ́po 8,800, ibẹ̀ ni gbogbo àṣírí iṣẹ́ yìí wà. Inú ilẹ̀ dà bí ọjà Òyìngbò lọ́jọ́ tí ọjà kún, gáàsì á máa yà sọ́tùn-ún yà sósì kó tó kọjá, omi ni àwọn tó pàtẹ sójú ọ̀nà, bí wọ́n bá ti pàtẹ dé ibì kan báyìí, kò sẹ́ni tó ń kọjá mọ́.

Millington àti Quirk kọ fọ́múlà kan lọ́dún 1961 tá a ṣì ń lò títí dòní. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ńbà bí gáàsì ṣe ń rìn nínú ilẹ̀ ní D, gbogbo àlàfo inú ilẹ̀ ní n, ìdá tí omi gbà nínú ilẹ̀ ní w, ìdá tí afẹ́fẹ́ gbà ní a, a àti w máa ń pé n nígbà gbogbo:

D = 0.088 × a^(10/3) ÷ n² + (0.00001 ÷ 0.23) × w^(10/3) ÷ n²

Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, 10/3 yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Tí n bá jẹ́ 0.40, tí ilẹ̀ gbẹ tí w jẹ́ 0.10, a á jẹ́ 0.30, D á jẹ́ 0.00994. Kí òjò rọ̀ kí w di 0.30, a á ku 0.10, D á já wálẹ̀ sí 0.000260. Yanrìn kan náà o, ìlọ́po 38 ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Kò sí nọ́ńbà míì nínú gbogbo ìṣirò yìí tó lè ṣe yín báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ pé kí wọ́n fi fọ́múlà sílẹ̀ kí wọ́n lọ wọn omi inú ilẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ wá agolo tẹ́ ẹ mọ iye tó ń gbà, ká ní 100 cm³, ẹ gé ìdí ẹ̀ kúrò, ẹ tì í wọnú ilẹ̀ jẹ́jẹ́ láìgbo ilẹ̀ pọ̀, ẹ gbé e jáde, ẹ fi ọ̀bẹ gé tòkè tìsàlẹ̀ kó dọ́gba, ẹ dé e lójú méjèèjì, ẹ fi tépù dì í pinpin, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí i, ẹ gbé e sínú ààrò láàbù ní 105°C fún wákàtí 24, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ ìwọ̀n agolo fúnra ẹ̀ kúrò nígbà méjèèjì. Tó bá jẹ́ gírámù 170 tẹ́lẹ̀ tó wá di 160, omi gírámù 10 ló wà nínú 100 cm³, w jẹ́ 0.10. Ẹ pín 160 sí 100, ẹ rí 1.6, ẹ fi 2.65 tó jẹ́ ìwọ̀n òkúta yanrìn pín in, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku 0.40, n yín nìyẹn.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ tépù? Ìyà jẹ mí ni. Oṣù kẹfà ni, mo gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé kan tó sún mọ́ ilé-epo, inú ọ̀rá dúdú ni mo rọ ọ́ sí, mo ta kókó ẹnu ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń di gàárì, mo jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, gó-síló mú mi, ó di ọjọ́ kejì kí n tó dé láàbù, oòrùn ti yan ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní 0.06. Mo kó o sí Excel, mo kọ ìjábọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn, ọ̀gá mi kà á dé ojú ewé kejì ó wò mí ó ní, "Ṣé inú táńkì epo làwọn èèyàn yìí ń sùn ni?" Nígbà tí mo padà lọ pẹ̀lú agolo àti tépù, 0.24 ni. Ẹ fi méjèèjì sínú fọ́múlà òkè yẹn kẹ́ ẹ wò ó, ó ju ìlọ́po 12 lọ tí mo fi ṣì í, ọ̀rá dúdú kan ló fà á.

Ibì kan ṣoṣo ò sì tó o. Ilẹ̀ tó wà lórí omi gan-an máa ń fa omi mọ́ra bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì, nínú yanrìn ó lè gòkè tó bíi 20 cm, nínú amọ̀ ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìpele yẹn ni kẹ́ ẹ rí i dájú pé ẹ gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀. Ká ní omi wà ní 300 cm, 280 tòkè gbẹ bí èyí tá a ṣírò, 20 tìsàlẹ̀ rin gbingbin, w ẹ̀ jẹ́ 0.35, a jẹ́ 0.05 péré. D tòkè jẹ́ 0.00994, D tìsàlẹ̀ jẹ́ 0.0000335. Nínú Excel, kí ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀: B fún w, C fún n, D fún a, E fún D inú fọ́múlà òkè yẹn (òpó D inú Excel kọ́ o), F fún bó ṣe nípọn tó. Ẹ kọ èyí sí E2:

=0.088*D2^(10/3)/C2^2+(0.00001/0.23)*B2^(10/3)/C2^2

Ẹ kọ =F2/E2 sí G2, ìdènà ìpele nìyẹn, ẹ fà á wálẹ̀, ẹ ro gbogbo G pọ̀. Ìpele tó gbẹ á fún yín ní bíi 28,000. Èyí tó rin, 20 cm péré, á fún yín ní bíi 597,000. Nínú ilẹ̀ mítà mẹ́ta, 20 cm ló gbé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìdènà sórí! Ẹni tó bá mú yẹ̀pẹ̀ mítà kan nìkan tó lò ó fún gbogbo ẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe kékeré ló ṣe, ó ti fò ìlẹ̀kùn tó tì gan-an kọjá, ó wá jókòó ó ń ka wíńdò.

Láti mọ iye tó ń gòkè, ẹ pín iye ibi ìbẹ̀rẹ̀ sí ìdènà: 2.07 µg nínú cm³ kan, ẹ pín in sí 625,000, ẹ sọ ọ́ di ti mítà àti ti ọjọ́, ẹ ó rí bíi mílígírámù 2.9 lórí mítà kan níhà mẹ́rin (m²) lójúmọ́. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ìpele tó rin, 59 lẹ máa rí. Ẹ ṣọ́ra fún cm² àti m² níbí o, ìlọ́po 10,000 ló wà láàárín wọn, mo ti rí ẹni tó ní PhD tó kó sí i.

Nísinsìnyí ó kan yàrá. Ẹ ronú yàrá mítà 3 ní 4, kó ga tó 2.8. Tá a bá ní gbogbo ohun tó ń gòkè lábẹ́ ẹ̀ ló ń wọlé, tí afẹ́fẹ́ yàrá sì ń pààrọ̀ ìlàjì lọ́wákàtí kan, á jẹ́ bíi 85 µg nínú mítà oníhà mẹ́ta. Ohun tí WHO sọ ni pé kò sí ìwọ̀n benzene tó dáa lára, pé ẹni tó bá ń mí 1.7 jálẹ̀ ayé ẹ̀, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀ á fi ẹni kan nínú 100,000 pọ̀ sí i. 85 jẹ́ ìlọ́po 50 ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kó àwọn èèyàn jáde nínú ilé. Ìlàjì lọ́wákàtí yẹn, ilé aláwọ̀ funfun tí wọ́n ti wíńdò pa nítorí òtútù ló bá mu, àwọn módẹ́lì tẹ́ ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì irú ilé yẹn ni wọ́n fi ṣe é, títí kan èyí tí Johnson àti Ettinger gbé jáde lọ́dún 1991 tí gbogbo èèyàn ń lò. Yàrá tí wíńdò ẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì lè pààrọ̀ ju ìgbà márùn-ún lọ lọ́wákàtí, 85 á di 8.5. Ẹni tó wá ń tan AC tó ti ohun gbogbo pa láti alẹ́ dòwúrọ̀, tiẹ̀ padà sí ti aláwọ̀ funfun. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn, kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò rí lójú ìwé kankan kó tó hàn sí mi lójú iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá rò ó ẹ ó ní ó hàn gbangba: òjò kì í rọ̀ sábẹ́ ilé. Lóṣù keje, àgbàlá rin, abẹ́ ilé gbẹ. Gáàsì tí kò rọ́nà gbà lágbàlá á yà sábẹ́ ilé, torí náà tẹ́ ẹ bá ki irin tẹ́ ẹ fi ń fa gáàsì jáde nínú ilẹ̀ sí àgbàlá nìkan tẹ́ ẹ rí nǹkan díẹ̀, ẹ má yọ̀. Ìlà méjì ni kẹ́ ẹ ṣe, ọ̀kan fún àgbàlá, ọ̀kan fún abẹ́ ilé. Kẹ́ ẹ sì wo ibi tí páìpù sókàwéè gbà, wọ́n máa ń fi yanrìn rírọ̀ dí kòtò ẹ̀, títì márosẹ̀ ni fún gáàsì.

Gbogbo èyí tá a ti ń sọ, gáàsì ń rìn fúnra ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó tì í. Nígbà míì wọ́n máa ń tì í. Yàrá tó gbóná ju ìta lọ máa ń fa afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀, kò pọ̀, bíi 4 Pa, ṣùgbọ́n nínú yanrìn tó gbẹ ó ń ṣiṣẹ́, òfin tí Darcy kọ lọ́dún 1856 lẹ máa lò fún un. Ojú ọjọ́ náà ń tì í. Ní Loscoe, ní Derbyshire ní ìlú òyìnbó, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1986, gáàsì methane láti orí ààtàn tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé kan, ilé náà bú gbàmù, èèyàn mẹ́ta fara pa gan-an. Agbára afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ti já wálẹ̀ ní 29 mbar láàárín wákàtí 7 kó tó bú, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò, gáàsì tó wà nísàlẹ̀ rú jáde. Lọ́dọ̀ tiwa kì í já tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní bíi 2 sí 3 mbar, fún benzene tó ń jáde látinú omi ẹ lè fò ó. Tó bá jẹ́ ààtàn ni, ẹ ò gbọdọ̀ fò ó, methane tó bá ti wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, iná ìṣáná kan ló kù.

Àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ náà ń jẹ benzene, tí afẹ́fẹ́ bá ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n lè jẹ ẹ́ tán kó tó dókè. Ìdí nìyẹn tí àwọn EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, fi kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2015 pé tí ilẹ̀ tó mọ́ bá nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 láàárín ilé àti omi tí epo ti yòrò sí, ẹ lè fọkàn balẹ̀, tó bá jẹ́ epo gan-an ló ń léfòó, ẹsẹ̀ bàtà 15. Nípa báyìí, 85 yẹn, iye tó ga jù ni. Èyí ò kan TCE tí wọ́n fi ń fọ irin o, àwọn kòkòrò yẹn kì í jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀ tó ní afẹ́fẹ́.

Tí wọ́n bá bi yín pé ìgbà wo ló máa dé òkè, ẹ nílò R, ìyẹn ìlọ́po tí ìrìn benzene fi ń falẹ̀. Benzene máa ń dúró kí omi, á tún dúró kí ilẹ̀, bí ẹni tó mọ gbogbo ará àdúgbò, kò lè tètè délé. R = 1 + w ÷ (a × 0.23) + 1.6 × K ÷ (a × 0.23), K ni bí ilẹ̀ ṣe ń di benzene mú tó, ó jẹ́ 0.12 tí ìdá ilẹ̀ dúdú inú yanrìn náà bá kéré, 0.002. Nínú ilẹ̀ tó gbẹ yẹn, R jẹ́ bíi 5, L² × R × a ÷ D á fún yín ní nǹkan bí ọjọ́ 160 fún mítà mẹ́ta. 20 cm tó rin nìkan, bíi 330. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i lọ́jọ́ dé ọjọ́, ẹ gé ilẹ̀ sí 5 cm 5 cm, kí gbogbo ìgbésẹ̀ má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tó bá ju bẹ́ẹ̀ Excel á máa fún yín ní benzene tó kéré ju òdo lọ, ẹ ó rò pé kọ̀ǹpútà ti yawèrè.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ ki irin sílẹ̀ ní ibi mẹ́ta, ẹ fi amọ̀ bentonite dí ẹnu ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ òkè má wọlé, ẹ fa gáàsì jáde, ẹ fi wé Excel. Nínú àpẹẹrẹ wa, lókè ìpele tó rin ó yẹ kẹ́ ẹ rí bíi 93 mg nínú mítà oníhà mẹ́ta, ní 150 cm bíi 50. Nínú ìpele kan náà, ó yẹ kí nọ́ńbà máa dín kù déédéé bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè. Tó bá ṣàdédé já láàárín ibi méjì tí kò jìnnà síra, ẹ má ṣe máa yí D kiri láti fi tan ara yín, nǹkan kan wà níbẹ̀. Ilé tí mo ṣe kẹ́yìn, ó já bẹ́ẹ̀ láàárín mítà kan àti mítà kan ààbọ̀, ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá àṣìṣe nínú Excel, kí n tó gbé irin padà lọ, tá a gbẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, amọ̀ eérú kan ló jáde, kò nípọn ju ìka mẹ́ta lọ, ó tutù rinrin, ọmọ tó ń bá mi gbẹ́ ẹ ti fẹ́ nù ún dànù. Mo fi ìlà kan kún Excel fún un.